Bí Yóò Ṣe Tú Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Ọkọ̀ èédú kan wà lórí tábìlì mi báyìí, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka ìfábẹ̀là mi lọ. Ike ni wọ́n fi ṣe é. Àwọ̀ eérú ni wọ́n kùn ún, wọ́n sì fi lẹ́tà funfun wínníwínní kọ nọ́ńbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára àwọn ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 16 tí wọ́n fi ń kó èédú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ijọ́un. Oríṣi ìkọ́ mẹ́rin, ìyẹn ohun tó ń so ọkọ̀ kan mọ́ òmíràn, ni mo ti lò nídìí ọkọ̀ yìí láàárín ọdún mẹ́ta.

Ẹni tí kò sí nídìí ọkọ̀ ojú irin kékeré lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú ìkọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Bí ẹ̀ńjìnnì rẹ dára bí ojú, tí ojú irin rẹ tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo, ọjọ́ tí ìkọ́ bá kọ̀ tí kò tú, ọwọ́ ènìyàn ni yóò wọ inú ìlú kékeré yẹn. Ọwọ́ ràgàjì kan á yọ láti òkè, á gbé ọkọ̀ sókè, á rún un mọ́lẹ̀ padà. Gbogbo ohun tí o ti fi oṣù mẹ́fà kọ́, ilé, koríko, àwọn òṣìṣẹ́ wínníwínní tó dúró létí ojú irin, gbogbo rẹ̀ á padà di ike lójú ẹni tó ń wò ó.

Ohun tí ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa la máa ń wo bí ìkọ́ ṣe ń so. Nílé ìtajà, wọ́n á ti ọkọ̀ méjì síra, á dún “kẹ̀”, inú oníbàárà á dùn, á sanwó. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí wọ́n tú u fún òun rí. Bẹ́ẹ̀, títú ni iṣẹ́ wà.

Manchester ni mò ń gbé, ìlú òjò, ìlú tó dára fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ́ òrùlé. Nínú yàrá kékeré tó wà lókè àtẹ̀gùn ni mo tẹ́ pákó kan sí. Ó fi díẹ̀ lé ní mítà kan ní gígùn, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo lò, èyí tí wọ́n ń pè ní OO: mílímítà mẹ́rin dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn 1:76, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mílímítà 16.5.

Èmi kọ́ ni mo dá eré tó wà lórí pákó náà sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Alan Wright ló gbé e kalẹ̀, Inglenook Sidings ló sì pè é. Ojú irin mẹ́ta péré ni. Ọ̀kan gba ọkọ̀ márùn-ún, méjì tó kù gba mẹ́ta mẹ́ta. Ọkọ̀ mẹ́jọ lo ní. O máa yọ káàdì márùn-ún láti inú àpò, o sì máa to ọkọ̀ márùn-ún tẹ̀léra bí káàdì bá ṣe jáde, láì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀ńjìnnì kékeré kan ṣoṣo ló máa fà, òun náà ló máa tì. Ó rọrùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èèyàn lè gbà to ọkọ̀ márùn-ún nínú mẹ́jọ jẹ́ 6,720. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é, kò tíì sú mi lálẹ́ ọjọ́ kan.

Nínú eré kan, ó lè tó ogún ìgbà tí ọkọ̀ máa so tó sì máa tú. Ẹ wá bá mi ṣírò. Ìkọ́ tó ń tú dáadáa nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni á ní ó dára. Kò dára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ rẹ á wọlé kí eré kan tó parí. Ìkọ́ eré báyìí gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàṣìṣe rárá, ibi títú ló sì ti máa ń ṣàṣìṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi síso.

Ìkọ́ tó bá ọkọ̀ náà wá láti inú páálí rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní tension-lock. Tri-ang, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, ló gbé e jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, títí dòní òun náà lo máa bá lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú iwájú ọkọ̀, ìkọ́ kan sì nà jáde lórí rẹ̀ tó tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnu àṣá. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ìkọ́ tibí á gun ọ̀pá tọ̀hún, á já bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tọ̀hún náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀ńjìnnì bá ti ń fà, wọ́n á di ara wọn mú gírígírí. Ìfà yẹn gan-an ló ń tì í pa. Bí o bá fẹ́ tú u, o nílò pèpéle kékeré kan láàárín irin méjèèjì, tí ìrù ìkọ́ máa gùn kí orí rẹ̀ lè gbé sókè. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì bá ṣì ń fà, kò ní gbé. O ní láti dúró, kí o sún ọkọ̀ sẹ́yìn bí irun orí, kí ó dẹ̀, kí o tó fà kúrò.

N kò ní bú ìkọ́ yìí. Ó lágbára, ọmọ ọdún mẹ́rin lè lò ó, ó sì ń gba kọ́nà tó ká jù lọ nínú àpótí àwọn ọmọdé kọjá, èyí tó jẹ́ pé bí o bá fa okùn láti àárín róbótó rẹ̀ dé ojú irin, kò ju mílímítà 371 lọ. Nítorí pé ọ̀pá ló ń ti ọ̀pá, àwọn orí irin róbótó tó wà níwájú ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní bọ́fà, kì í kan ara wọn, wọn kì í há. Ohun tó lé mi kúrò nídìí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ mi fúyẹ́. Bí ìrù ìkọ́ bá gun pèpéle, dípò kí ìkọ́ gbé, odindi ọkọ̀ ló máa ń gbé, táyà iwájú á kúrò lójú irin. Mo gé ìkọ́ kúrò ní ìdí kan lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé ìkọ́ kan ṣoṣo ni pèpéle á máa gbé. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí apá kan náà títí ayé. Ìdí tí mo gé bá pàdé ìdí tí mo gé, kò sóhun tó máa so wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò àtijọ́. Ìyẹn náà léwu.

Nínú fọ́tò, ọkọ̀ èédú wọ̀nyẹn kò ní nǹkan kan tó ń so wọ́n ju ìkọ́ irin kan àti ẹ̀wọ̀n olójú mẹ́ta lọ. Ẹ̀wọ̀n náà rọ̀ dòòdò. Ṣọ́ńtà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń so ọkọ̀ tó sì ń tú u, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí, á nà án wọ àárín ọkọ̀ méjì, á fi gbé ojú ẹ̀wọ̀n tó gbẹ̀yìn sórí ìkọ́ kejì. Bí ẹ̀ńjìnnì bá gbéra, ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ á le, á fa ìkejì, ìkejì á fa ìkẹta, ariwo irin á máa sáré lọ sẹ́yìn láti orí ọkọ̀ kan dé òmíràn. Mo fẹ́ ìyẹn. Mo ra ẹ̀wọ̀n wínníwínní, mo lu ihò síwájú ọkọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àti ẹ̀ńjìnnì, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ṣe é. Mo tẹ orí wáyà kan, mo dè é mọ́ tọ́ọ̀ṣì kékeré, ọ̀pá ṣọ́ńtà mi nìyẹn.

Ó rẹwà. Mo tún un sọ, ó rẹwà. Bí ọkọ̀ bá gbéra, o máa rí i tí ẹ̀wọ̀n ń na ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n mo ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà. Ojú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan kò ju orí abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí a tò síra lọ. Alẹ́ ni mo máa ń ráyè, lẹ́yìn iṣẹ́, tí ojú ti rẹ̀. Mo á tan tọ́ọ̀ṣì, mo á dá èémí dúró, mo á gbé ẹ̀wọ̀n, yóò yọ̀. Mo á tún gbé e, á kọ́ ìkọ́ ara rẹ̀ dípò ti ọkọ̀ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo fi so ọkọ̀ kan. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án Sátidé kan, ó sì so márààrún-ún kí n tó ka ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: inú kèrègbè ni ẹ̀wọ̀n yẹn wà. Ó dùn mọ́ ọn láti máa ṣe ṣọ́ńtà fún mi. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ ló ń sùn, aago mẹ́sàn-án ni èmi máa ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan. Ojú ẹni tó máa tú u ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Aago mélòó ló máa jókòó sídìí rẹ̀? Ìkọ́ tó dára lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́sàn-án kò dára lọ́wọ́ mi lóru, bẹ́ẹ̀ ìkọ́ kan náà ni.

Ìkọ́ kẹta kò pẹ́. Níbí gan-an ní Manchester, Alex Jackson, ọmọ ẹgbẹ́ Manchester Model Railway Society, ti ṣe ìkọ́ kan láyé ọjọ́un tí ó jẹ́ wáyà lásán. Wáyà líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ ọkọ̀ jáde, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọfà, òòfà oníná tó wà lábẹ́ pákó á fà á sílẹ̀, á tú. O fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fojú rí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń fi ṣe ohun ìyanu, ọwọ́ wọn ni mo sì máa ń lọ wò níbi ìpàtẹ. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀sí wáyà náà gbọ́dọ̀ bára mu lára gbogbo ọkọ̀, ìdínkù tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di aláìṣeélò. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ti ọkọ̀ keje ò jọ ti èkíní. Mo fi sílẹ̀ láàárín oṣù kan.

Ìkọ́ kẹrin ni Kadee, láti Oregon ní Amẹ́ríkà. Ìbejì ló dá a sílẹ̀, Keith àti Dale Edwards. Lẹ́tà K àti D orúkọ wọn ni wọ́n so pọ̀ tó fi di Kadee. Táyé àti Kẹ́hìndé tó jókòó ti ọ̀rọ̀ síso àti títú, ó wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n rà á. Nígbà tí mo já ọ̀rá rẹ̀ tí mo gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé kà.

Bàbá mi ṣe ṣọ́ńtà ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti màmá mi máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, mo á dúró lẹ́yìn wáyà ọgbà. Ká ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ, kí o ká ti òsì, kí o wá fi wọ́n kọ́ra: bí ìkọ́ ọkọ̀ ojú irin wa ṣe rí nìyẹn, ìkúùkù irin méjì tó tóbi ju orí mi lọ nígbà náà. Kọ́pílìn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ẹ̀ńjìnnì á máa fà sẹ́yìn bọ̀, bàbá mi á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo nǹkan á dúró. Wọ́n á pariwo pé, “Ta ló wà láàárín?” Ẹnì kan á dáhùn láti apá kejì pé, “Kò sẹ́nì kankan!” Ìgbà náà ni wọ́n á tó máa fọwọ́ pè é, máa bọ̀, máa bọ̀, títí ìkúùkù méjèèjì á fi gbá ara wọn mú, gbàǹgàn! Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ àárín, wọ́n á so hóòsì bíréèkì pọ̀, wọ́n á jáde, wọ́n á nu ọwọ́.

Ìkọ́ oníkùúùkù yìí ní ìtàn. Kó tó dé, irin róbótó kan àti pín-ìn-nì ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dúró sáàárín, tí á fọwọ́ di irin náà mú kó lè wọ ihò bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀ wá bá a. Ìka ọ̀pọ̀ ló gé síbẹ̀, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ bá a lọ. Eli Janney, ará Virginia, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìkọ́ tó ń so fúnra rẹ̀ ní 1873. Ogún ọdún gbáko lẹ́yìn náà, ní 1893, ni ìjọba wọn tó ṣe òfin Safety Appliance Act, tó fi dandan lé e pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa so láì jẹ́ pé ènìyàn wọ àárín. Ìdílé ìkọ́ yẹn ló wá dé ọ̀dọ̀ wa lójú irin Nàìjíríà. Bàbá mi fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. N kò mọ rírì ìyẹn títí mo fi ka ìtàn Janney.

Jẹ́ kí n sọ bí ti Kadee ṣe ń tú, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn ìbejì yẹn wà. Wáyà kékeré kan rọ̀ sílẹ̀ láti abẹ́ ìkúùkù kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó lè jọ hóòsì bíréèkì. Òòfà pẹlẹbẹ kan wà láàárín irin méjèèjì tàbí lábẹ́ wọn. Bí ìkọ́ tó so bá dúró lókè òòfà, kò ní ṣe nǹkan kan níwọ̀n bí ẹ̀ńjìnnì bá ṣì ń fà. Sún un sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, kó dẹ̀. Wáyà kan á yà sí irin ọ̀tún, ìkejì á yà sí irin òsì, bí ìgbà tí ènìyàn méjì dìde kúrò nídìí ọ̀rọ̀ láì bínú. Ìkúùkù méjèèjì á ṣí. Fà kúrò, ó ti tú.

Kò tíì tán. Bí o bá tún fi ẹ̀ńjìnnì náà sún ọkọ̀ yẹn padà níbẹ̀, ìkúùkù méjèèjì, tí òòfà ti fà sí ẹ̀gbẹ́, kò ní lè dí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa fi ti ara wọn. O lè wá máa ti ọkọ̀ náà lọ kúrò lórí òòfà, kọjá pọ́ìntì, ìyẹn ibi tí ojú irin ti ń pínyà, wọ inú ojú irin tó wù ọ́, títí dé ìparí rẹ̀, kò ní so. Dúró. Fa ẹ̀ńjìnnì padà. Ọkọ̀ á dúró síbi tí o tì í dé, ìkúùkù á padà sí àárín ara wọn, wọ́n á tún múra tán láti so. Òòfà kan ṣoṣo, lẹ́nu pọ́ìntì, ó tó ojú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ láì gbọ̀n, mo pa ẹ̀rọ, mo jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ má rò pé ó dẹrùn. Oṣù mẹ́ta ló gbà mí kó tó máa gbọ́ràn. Àkọ́kọ́ ni gíga. Ìkúùkù méjì tí kò dọ́gba, bí ọ̀kan fi ìdajì mílímítà ga ju èkejì lọ, á so lórí tábìlì, ṣùgbọ́n bí ojú irin bá kọ kéréú, ọ̀kan á yọ gba òkè èkejì. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ló ń wá pẹ̀lú àpò kékeré kan tí wọ́n fìwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀ ní Yúróòpù, NEM 362, kí èèyàn lè fa ìkọ́ kan yọ kó ki òmíràn bọ̀ ọ́ láì lo ọ̀bẹ. Ohun dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo bá àpò tó ga jù lára ọkọ̀ kan, mo bá èyí tó wálẹ̀ jù lára òmíràn, bẹ́ẹ̀ inú páálí tuntun ni méjèèjì ti jáde. Má gbà á gbọ́ nítorí pé ó jẹ́ àpò. Ra irin ìdíwọ̀n Kadee, nọ́ńbà 205, gbé e sórí ojú irin, mú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo gíga ìkúùkù, ó sì ń wo wáyà abẹ́ rẹ̀, nítorí wáyà tó wálẹ̀ jù á kọ́ irin pọ́ìntì, á gbé ọkọ̀ rẹ sọnù.

Èkejì ni ìwúwo. Ọkọ̀ mi fúyẹ́ débi pé bí ẹ̀ńjìnnì bá fẹ́ so mọ́ ọn, ṣe ló ń sá lọ níwájú rẹ̀ bí adìẹ. Mo lẹ òjé mọ́ abẹ́ wọn títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wọn gíráàmù 50. Àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń sọ pé gíráàmù 25 fún ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọkọ̀ méjì kan ń rìn fúnra wọn bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ nítòsí òòfà. Ọ̀pá táyà wọn, irin ni. Òòfà ń pè é. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí bàbà.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti òòfà fúnra rẹ̀. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, mo ti to òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí, mo ti kùn ún, kó tó hàn sí mi pé ibi tí mo fi í sí ni ẹ̀ńjìnnì ti máa ń dẹ ẹsẹ̀ kó tó wọ pọ́ìntì. Bó bá ti dẹ ẹsẹ̀, ọkọ̀ á dẹ̀, ìkọ́ á tú níbi tí n kò ti rán an níṣẹ́. Òòfà kò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo fi ọ̀bẹ hú u jáde, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin bàjẹ́, mo sì gbé e lọ síbi tó fi gígùn ọkọ̀ kan jìnnà sí i. Bí o bá ń kọ́ tìrẹ, fi sẹ́lótéèpù lẹ òòfà, ta odindi eré mẹ́wàá, kí o tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Bí kò bá sí ibòmíràn tó ṣe é fi sí, òòfà oníná wà, èyí tí kì í fa nǹkan àfi tí o bá tẹ bọ́tìnnì.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ máa ń wo ọkọ̀ èédú mi, wọ́n á mi orí. Wọ́n ní kò sí irú ọkọ̀ èédú tọ́ọ̀nù 16 bẹ́ẹ̀ kankan tó so ìkúùkù Amẹ́ríkà mọ́ imú rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ta eré, ìṣípòpadà ni mò ń wò, bí ọkọ̀ ṣe dúró, bó ṣe tú, bí ẹ̀ńjìnnì ṣe yọ́ kẹ́lẹ́ kúrò láì sí ọwọ́ kankan lójú ọ̀run. Ìkọ́ tí kò jọ tòótọ́ tó ń ṣe bíi tòótọ́ ni mo yàn ju èyí tó jọ tòótọ́ tó ń pe ọwọ́ mi wọlé lọ.

Ìyẹn kò ní kí n so Kadee mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹgbẹ́ wa ní ọkọ̀ èédú ogún tó máa ń yípo láti àárọ̀ dalẹ́ níbi ìpàtẹ. Wọn kì í tú. Kí la fẹ́ fi òòfà ṣe níbẹ̀? Wáyà bàbà tí a tẹ̀ bí lẹ́tà U ló so gbogbo àárín wọn, kò náwó, kì í já, ọkọ̀ sì súnmọ́ra bó ṣe yẹ. Orí àti ìdí nìkan la fi ìkọ́ gidi sí. Ọkọ̀ kan tún wà tí mo ń pè ní alárinà, tó ní tension-lock ní iwájú àti Kadee ní ẹ̀yìn, kí ohun tuntun lè bá ohun àtijọ́ rìn. Rélùwéè gidi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìkọ́ ọkọ̀ méjì kò bá bára mu. Ẹ̀wọ̀n olójú mẹ́ta ṣì wà lára ọkọ̀ mẹ́ta, ti ọmọ mi ni, ọ̀sán Sátidé nìkan ni wọ́n ń jáde.

Lọ́dún tó kọjá ni nǹkan míì ṣẹlẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lú kalikulétọ̀, mo ń ronú nípa ojú irin tó ti dé Ìbàdàn láti 1901, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, ìyẹn mílímítà 1,067. Mo fi 64 pín in. Ó jáde sí 16.67. Mo wo ojú irin orí pákó mi: 16.5. Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí mo ti ń ta eré Gẹ̀ẹ́sì, ojú irin Nàìjíríà ló wà níwájú mi, bí mo bá lè kọ́ ọkọ̀ tó bá 1:64 mu. Àwọn ará New Zealand, tí àlàfo ojú irin tiwọn bá tiwa dọ́gba, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kadee nọ́ńbà 5, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé orí rẹ̀ tóbi jù fún ọkọ̀ kéékèèké, ní 1:64 ó sún mọ́ ìwọ̀n tó yẹ. Ìkúùkù tí kò yẹ imú ọkọ̀ èédú Gẹ̀ẹ́sì ti rí ilé.

Mo gé páálí ike, mo fi kọ́ ọkọ̀ ẹrù onílé kan láti inú fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi àti ohun tí bàbá mi rántí. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọn kò bi mí bóyá ó ń so. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Báwo lẹ ṣe ń tú u?”

Láàárín gbogbo ọdún yẹn, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí.

Mo pè wọ́n pẹ̀lú fídíò ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo gbé fóònù ti ilé kékeré kan kí kámẹ́rà lè wo ojú irin gbọọrọ. Wọ́n sún mọ́ ọn títí mo fi ń rí iwájú orí wọn nìkan. “Hóòsì bíréèkì rẹ̀ nìyẹn,” wọ́n ní, wọ́n ń nawọ́ sí wáyà abẹ́ ìkúùkù. Mo ní hóòsì ni lóòótọ́, pé òun náà ló ń tú u, mo sì ṣàlàyé òòfà. Wọ́n ní kí n ṣe é kí àwọn rí i, kí n kọ́kọ́ so ó ná.

Mo gbé ọkọ̀ náà sí òpin ojú irin, mo fi ẹ̀ńjìnnì sí ibi tó jìnnà sí i tó ìbú ọwọ́ kan. Mo ti ń na ọwọ́ sí bọ́tìnnì nígbà tí ohùn wọn jáde nínú fóònù, ohùn ẹ̀yìn wáyà ọgbà:

“Ta ló wà láàárín?”

Mo dá ọwọ́ dúró. Mo tẹ̀ ba, mo wo àárín méjèèjì.

“Kò sẹ́nì kankan, bàbá.”

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè lójú fóònù, wọ́n ń fi pè é, máa bọ̀, máa bọ̀.